Ìwé Kan, Ònkà Mẹ́ta: Bí Ìwé Orí Kọ̀ǹpútà Ṣe Lè Jọ Èyí Tó Wà Lórí Pẹpẹ

Ẹnì kan ń ka ìwé tí ilé ìkàwé ti ya àwòrán rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó ń wá wà ní ojú ìwé 57. Ó tẹ 57 sínú àpótí kékeré tó wà nísàlẹ̀, ìwé ṣí, àmọ́ ojú ìwé 41 ló jáde. Ó tún un tẹ̀, 41 náà ni. Ó rò pé ìwé ti bàjẹ́, tàbí pé ẹ̀rọ òun ló ń ṣe ségesège. Kò sí èyí tó bàjẹ́ nínú méjèèjì. 57 tí òun ń sọ ni nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ìwé. 57 tí kọ̀ǹpútà gbọ́ ni àwòrán kẹtàdínlọ́gọ́ta. Orí èèpo ìwé ni kọ̀ǹpútà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀. Ẹni tó tẹ ìwé kò bẹ̀rẹ̀ sí í ka tirẹ̀ àfi ìgbà tó dé orí kìíní.

Ìwé kan ṣoṣo ní ònkà mẹ́ta lára. Àkọ́kọ́ ni iye àwòrán tí kámẹ́rà yà. Èkejì ni iye ewé tí wọ́n dì pọ̀. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà tí òǹtẹ̀wé tẹ̀ sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà dọ́gba, ohun tó sì ń da òǹkàwé àti ẹni tó ń ya ìwé láàmú ni pé wọ́n máa ń fi ọ̀kan ṣe iṣẹ́ èkejì. Ilé ìkàwé tó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì so wọ́n pọ̀ nínú àtòjọ kan, ìwé rẹ̀ á ṣeé kà, á ṣeé tọ́ka sí, á sì ṣeé tún ṣe bí àṣìṣe bá yọjú. Èyí tó bá fẹ́ fi ònkà kan ṣe gbogbo rẹ̀ á kàn máa tún orúkọ fáìlì kọ ni, láìní ìsinmi.

Ewé kan, ojú méjì

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fi ìka méjì di ewé kan ṣoṣo mú. Ewé yẹn ní ojú méjì, iwájú àti ẹ̀yìn. Nínú ìwé tí à ń kà láti òsì sí ọ̀tún, iwájú ewé ló máa ń wà lọ́wọ́ ọ̀tún bí ìwé bá ṣí sílẹ̀. Tí a bá ṣí i kọjá, ẹ̀yìn rẹ̀ á bọ́ sí ọwọ́ òsì. Ọ̀pọ̀ ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ kò ní nọ́ńbà ojú ìwé rárá. Ewé ni àwọn olùtọ́jú ìwé ń kà, wọ́n á sì fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sí igun òkè iwájú ewé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí 12r nínú iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé, iwájú ewé kejìlá ni wọ́n ń sọ; 12v ni ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá pe 12v ní “ojú ìwé 12” ti ṣi òǹkàwé lọ́nà, torí pé ojú kẹrìnlélógún ni lóòótọ́.

Èyí ló fà á tí a fi ń ya ojú ìwé tí kò ní nǹkan kan lára. Ọ̀pọ̀ ló ń fò ó, wọ́n ní ó ń gba àyè lásán. Bí ẹ bá yọ ojú òfo kan kúrò, gbogbo ojú ìwé tó tẹ̀ lé e á yí ẹ̀gbẹ́ padà: èyí tó yẹ kó wà lọ́tùn-ún á bọ́ sósì. Máàpù tí wọ́n tẹ̀ kọjá ojú ìwé méjì ni ẹ máa kọ́kọ́ fi mọ̀, nítorí ìdajì rẹ̀ á wà nínú ṣíṣí kan, ìdajì yòókù á wà nínú èyí tó kàn. Ojú òfo tí a yà tún jẹ́ ẹ̀rí fún ẹni tó ń kà pé kò sí ohun tó sọnù níbẹ̀.

Ìwé tí ẹni yẹn ń kà, bó ṣe yẹ kí àtòjọ rẹ̀ rí nìyí:

Àwòrán 0001: èèpo iwájú, lóde
Àwòrán 0002: èèpo iwájú, nínú
Àwòrán 0003 àti 0004: ewé òfo, iwájú àti ẹ̀yìn
Àwòrán 0005: àkọlé ìwé, [i]
Àwòrán 0006: ẹ̀yìn àkọlé, [ii]
Àwòrán 0007 sí 0016: ọ̀rọ̀ ìṣáájú, iii sí xii
Àwòrán 0017: ìbẹ̀rẹ̀ orí kìíní, 1

Àmì àhámọ́ onígun tó yí i àti ii ká ń sọ pé òǹtẹ̀wé kò tẹ nọ́ńbà yẹn sójú ìwé. Àwa la fi ọgbọ́n kà á. Láti ibí, ẹ lè rí i pé nọ́ńbà àwòrán fi 16 ju nọ́ńbà ojú ìwé lọ, àti pé ojú ìwé 57 wà ní àwòrán 0073. Ẹnì kan lè ní kí a kàn sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó máa yọ 16. Á ṣiṣẹ́ dé ojú ìwé 64, tó jẹ́ àwòrán 0080. Lẹ́yìn ìyẹn, ewé kan tó ní àwòrán lára, tí òǹtẹ̀wé kò fún ní nọ́ńbà, wà láàárín: 0081 ni iwájú rẹ̀, 0082 ni ẹ̀yìn. Ojú ìwé 65 wá di 0083, ìyàtọ̀ ti di 18. Bí irú ewé bẹ́ẹ̀ bá tó ogún nínú ìwé kan, ìgbà ogún ni ìṣirò náà máa yí padà. Kò sí ọ̀nà àbùjá kankan; ojú ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ìlà tirẹ̀ nínú àtòjọ.

Àwọn òǹtẹ̀wé náà ń ṣàṣìṣe. Nínú ìwé àtijọ́, ẹ lè rí 112 kí 131 tẹ̀ lé e láìsí ewé tó sọnù, tàbí kí 97 jáde lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ kọ ohun tó wà lójú ìwé bó ṣe wà gan-an, kí ẹ wá fi àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má ṣe bá òǹtẹ̀wé tún nọ́ńbà ṣe. Ẹni tó bá rí 131 yẹn nínú ìtọ́ka tó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún yóò wá a ní 131, ẹni tó bá sì mú ìwé gidi dání gbọ́dọ̀ rí ohun kan náà lójú kọ̀ǹpútà.

Ẹ ka ewé kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́

Iṣẹ́ títò bẹ̀rẹ̀ ṣáájú àwòrán àkọ́kọ́. Ẹ jókòó ti ìwé, ẹ ka ewé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sórí pépà tó máa tẹ̀ lé ìwé náà káàkiri. Ẹ kọ ibi tí ewé tó ń ṣí gbọọrọ wà, ibi tí ewé ti ya, ibi tí wọ́n fi bébà kékeré há sí. Pẹ̀lú iye yẹn, ẹ ti lè mọ iye àwòrán tó yẹ kó jáde. Ìwé tó ní ewé 120 á fún wa ní ojú 240. Ẹ fi 4 kún un fún èèpo méjèèjì, lóde àti nínú. Ẹ tún fi 4 kún un bí ilé ìkàwé bá ń ya ẹ̀yìn ìwé níbi tí wọ́n ti rán an àti etí mẹ́ta tí ewé ti ń ṣí. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 248. Bí kámẹ́rà bá wá fún yín ní 246, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ṣí ewé méjì papọ̀ níbì kan. Bó bá jẹ́ 249, ojú kan ni wọ́n yà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ jù ni ibi tí kámẹ́rà ti jẹ́ ẹyọ kan. Òṣìṣẹ́ á ya gbogbo iwájú ewé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á yí ìwé padà, á wá ya gbogbo ẹ̀yìn ewé. Kọ̀ǹpútà ló máa wá to méjèèjì pọ̀, ọ̀kan iwájú, ọ̀kan ẹ̀yìn. Ọ̀nà yìí yára, kò sì ni ìwé lára. Àmọ́ bí ẹ̀yìn ewé 30 bá fò, ẹ̀yìn ewé 31 á lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ iwájú 30, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á sì yẹ̀ títí dé òpin. Kí ẹ tó jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pa wọ́n pọ̀, ẹ rí i dájú pé iye iwájú àti iye ẹ̀yìn dọ́gba. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú mẹ́ta wò: ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan lópin. Bí èyí tó wà lópin bá tọ̀nà, kò sí èyí tó fò tí a kò fi òmíràn dí.

Ìwé àtijọ́ fúnra rẹ̀ tún ń ràn wá lọ́wọ́. Àwọn òǹtẹ̀wé a máa tẹ ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ojú ìwé tó kàn sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé tí à ń kà, kí ẹni tó ń di ìwé má baà to ewé lódì. Bí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ 48 kò bá bá ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ 49 mu, ẹ dúró wò ó. Wọ́n tún máa ń tẹ lẹ́tà sí ìsàlẹ̀ àwọn ewé tó wà nínú ìṣùpọ̀ kan náà, ìyẹn àwọn ewé tí wọ́n ká, tí wọ́n sì rán papọ̀: A, A2, A3, lẹ́yìn náà B. Ẹ má jáyà bí ẹ bá rí I tí K tẹ̀ lé e láìsí J. Ábídí Látìn onílẹ́tà 23 ni wọ́n ń lò. I àti J jẹ́ ọ̀kan, U àti V jẹ́ ọ̀kan, W kò sì sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ èyí ló ti kọ “ewé sọnù” sára ìwé tó pé pérépéré.

Nípa ojú àwòrán fúnra rẹ̀, díẹ̀ la máa sọ. Píksẹ́lì (àwọn àmì tíntìntín tó para pọ̀ di àwòrán) 300 sí 400 fún ínǹṣì kan tó fún ọ̀pọ̀ ìwé títẹ̀. Ẹ tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ sí TIFF, kí ẹ wá ti ara rẹ̀ ṣe JPEG tàbí PDF tí aráàlú máa rí. Ẹ má gé àwòrán wọnú ewé. Ẹ fi etí ewé sílẹ̀ kó hàn yíká, torí pé ibẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ewé ti ya tàbí ó pé.

Orúkọ fáìlì kò gbọ́dọ̀ ru ẹrù tó pọ̀ jù

Orúkọ tó dára kúrú, ó sì gọ̀ díẹ̀. Nọ́ńbà tí ìwé ń jẹ́ lórí pẹpẹ tàbí nínú kátálọ́ọ̀gì, ìlà kékeré, lẹ́yìn náà nọ́ńbà àwòrán onídíjíìtì mẹ́rin: ms0154_0073.tif. Ẹ fi òdo ṣáájú nọ́ńbà, torí pé ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ń to orúkọ bí ẹní ń to ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Láìsí òdo, 1 á ṣáájú 10, 10 á ṣáájú 100, 2 á wá jáde lẹ́yìn gbogbo wọn. Díjíìtì mẹ́ta kì í tó. Ìwé tó ju àwòrán 999 lọ wọ́pọ̀.

Ẹ má fi àyè sáàárín orúkọ, ẹ má sì fi àmì ohùn tàbí lẹ́tà onídòótì sí i. Ó máa ń dun àwa tí a fẹ́ràn èdè yìí, àmọ́ ìdí rẹ̀ rèé. Kọ̀ǹpútà lè kọ “ọ́” ní ju ọ̀nà kan lọ: ó lè mú lẹ́tà tó ti ní dòótì kó fi àmì lé e, tàbí kó mú “o” lásán kó fi dòótì àti àmì kún un lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lójú wa ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, orúkọ méjì ni. Bí fáìlì bá ti kọjá láti orí ẹ̀rọ kan sí òmíràn, àtòjọ á máa wá orúkọ tí kò sí. Inú àtòjọ ni kí àkọlé ìwé ti gba àmì rẹ̀ ní pípé, níbi tí òǹkàwé ti máa rí i.

Má sì ṣe fi nọ́ńbà ojú ìwé sínú orúkọ fáìlì. Bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pé wọ́n fò ojú ìwé kan láàárín 0044 àti 0045, kí ni wọ́n máa ṣe? Àwọn kan á sọ ọ́ ní 0044b. Àwọn kan á tún orúkọ gbogbo fáìlì tó tẹ̀ lé e kọ, ìsopọ̀ tí àwọn òǹkàwé ti fi pamọ́ á sì gbé wọn lọ sí ojú ìwé mìíràn. Ohun tó dára jù ni pé kí àwòrán tuntun gba nọ́ńbà tó kàn lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn, ká ní 0249, kí àtòjọ wá sọ pé ààyè rẹ̀ wà lẹ́yìn 0044. Orúkọ ń sọ ẹni tí fáìlì jẹ́. Àtòjọ ló ń sọ ibi tó máa jókòó sí.

Àtòjọ náà gan-an

Àwọn ilé ìkàwé ńlá ní ìlànà tí wọ́n fi ń kọ ọ́. METS, tí Library of Congress ní Amẹ́ríkà ń tọ́jú, ń gba àtòjọ méjì fún ìwé kan náà. Ọ̀kan ń sọ bí ìwé ṣe rí lọ́wọ́: èèpo, ewé, ojú ìwé. Ìkejì ń sọ bí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe pín: ọ̀rọ̀ ìṣáájú, orí kìíní, orí kejì, àfikún. Wọ́n wá ń fi ìsopọ̀ há àárín méjèèjì.

Kí ló dé tí a kò kàn ṣe fódà kan fún orí kọ̀ọ̀kan? Torí pé orí kẹta lè parí ní ìdajì ojú ìwé 88, kí orí kẹrin bẹ̀rẹ̀ ní ìdajì tó kù. Fódà wo ni ẹ máa kó 88 sí? Bí ẹ bá fi sí méjèèjì, ìwé ti ní ojú ìwé kan ju ti gidi lọ. Bí ẹ bá fi sí ọ̀kan, orí kan ti pàdánù òpin rẹ̀ tàbí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nínú àtòjọ METS, orí méjèèjì á tọ́ka sí 88 kan náà, ìjà parí. Fódà kan ṣoṣo fún ohun kan tí ọwọ́ lè gbé ni ìlànà tó ń tọ́jọ́.

IIIF, ìlànà mìíràn tí àwọn ilé ìkàwé bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kalẹ̀ ní 2011, wá láti jẹ́ kí ìwé ilé ìkàwé kan lè ṣí nínú ètò ìkàwé ti òmíràn. Ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí à ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Canvas. Canvas dà bíi férémù òfo tó dúró fún ojú ìwé; àwòrán la gbé kọ́ inú rẹ̀. Bí ewé bá ti ya kúrò nínú ìwé kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ wa, férémù rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀ láìsí àwòrán, òǹkàwé á sì rí i pé nǹkan wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlànà yìí tún ń sọ ìhà tí a ó máa ṣí ìwé sí. Ìwé Lárúbáwá àti ti Hébérù ń ṣí láti ọ̀tún sí òsì. Bí ẹ bá gbàgbé láti kọ ọ́, òǹkàwé á máa ti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Ìlànà náà tún ń sọ bóyá ojú méjì ni kó hàn lẹ́ẹ̀kan bí ìwé tó ṣí sílẹ̀, tàbí ọ̀kọ̀ọ̀kan bíi bébà tí a kò dì, tàbí kó máa yí lọ láìdáwọ́dúró bí àkájọ ìwé.

Ilé ìkàwé kékeré tí kò ní ètò wọ̀nyí lè fi tábìlì Excel bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní ṣòfò. Òpó mẹ́fà tó: orúkọ àwòrán, ewé àti ojú rẹ̀, nọ́ńbà títẹ̀ bó ṣe wà, irú ojú ìwé, orí tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àlàyé. Ẹ fi í pamọ́ ní CSV (tábìlì tí a kọ bí ọ̀rọ̀ lásán), ní UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà kọ lẹ́tà gbogbo èdè), kí àmì orí ọ̀rọ̀ má baà di ìràwọ̀ àti àmì ìbéèrè. Ètò ńlá tó bá dé lẹ́yìn ọ̀la lè kà á wọlé. Bó bá jẹ́ PDF ni ẹ ń gbé jáde, PDF gbà kí a sọ orúkọ ojú ìwé fún un, kí àpótí ìsàlẹ̀ lè kọ xii, kó wá kọ 1. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni iṣẹ́ yìí ń gbà, òun gan-an sì ni ì bá gba ẹni tó ń wá 57 nínú ìdààmú.

Ìwé márùn-ún nínú èèpo kan

Àwọn òǹkàwé àtijọ́ fẹ́ràn láti kó ìwé pẹlẹbẹ mẹ́rin márùn-ún jọ, kí wọ́n ní kí wọ́n dì wọ́n sínú èèpo kan. Kátálọ́ọ̀gì mọ̀ wọ́n sí ìwé márùn-ún. Pẹpẹ mọ̀ wọ́n sí ọ̀kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń gé ohun gidi sí wẹ́wẹ́: wọ́n á pín àwòrán sí fódà márùn-ún, èèpo iwájú á bá ti àkọ́kọ́ lọ, èèpo ẹ̀yìn á bá ti ìkarùn-ún lọ, àwọn mẹ́ta tó wà láàárín á wá wà ní ìhòòhò. Àkóónú tí ẹni tó ni ín fi ọwọ́ kọ sínú èèpo iwájú, tó dárúkọ márààrún, á hàn nínú ọ̀kan péré.

Ẹ ya ìdìpọ̀ náà látòkè délẹ̀ bí ohun kan. Nọ́ńbà àwòrán á lọ tààrà láti èèpo dé èèpo. Lẹ́yìn náà, ẹ fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀ tó ń sọ pé láti àwòrán báyìí dé báyìí ni òun. Ẹni tó bá wá ìwé kẹta á bọ́ sórí àkọlé rẹ̀ gan-an, bó bá sì ṣí padà sẹ́yìn, á bá ìparí ìwé kejì pàdé, bí yóò ti rí bó bá di ìwé náà mú. Bí ẹnì kan ṣe kó wọn jọ ń sọ ohun tó ń kà papọ̀ fún wa, kò sì yẹ kí iṣẹ́ wa pa ẹ̀rí yẹn rẹ́.

Òdìkejì rẹ̀ ni iṣẹ́ kan tó wà ní ìdìpọ̀ mẹ́ta. Àkọsílẹ̀ òbí kan, ọmọ mẹ́ta, ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fódà àti ònkà tirẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ láti 0001. Ìwé ìròyìn ń tẹ̀ lé irú ọ̀nà yìí: orúkọ ìwé ìròyìn, ọdún, ìtẹ̀jáde ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé. Bí ìtẹ̀jáde ọjọ́ kan bá sọnù, ẹ fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ kọ “kò sí lọ́dọ̀ wa” síbẹ̀. Ẹni tó ń wá ọjọ́ yẹn yóò mọ̀ pé ilé ìkàwé ni kò ní in, yóò sì wá a níbòmíràn dípò kó rò pé ìwé ìròyìn náà kò jáde.

Ohun kan tún wà tí kì í jẹ́ kí kátálọ́ọ̀gì àti àwòrán bára mu. Ìwé ìlànà FRBR tí IFLA, àjọ àwọn ilé ìkàwé lágbàáyé, tẹ̀ jáde ní 1998 ya nǹkan mẹ́rin sọ́tọ̀: iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ṣe, irú èdè tàbí ẹ̀yà tó gbà jáde, ìtẹ̀jáde kan, àti ẹ̀dà kan ṣoṣo tó wà lórí pẹpẹ. Kámẹ́rà kì í ya iṣẹ́, kì í sì í ya ìtẹ̀jáde. Ẹ̀dà kan ló ń yà, pẹ̀lú àbàwọ́n rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé ìkàwé tó wà lára rẹ̀ àti ewé tó sọnù nínú rẹ̀. Nítorí náà, nọ́ńbà ẹ̀dà yẹn lórí pẹpẹ gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, ọdún tí wọ́n tẹ ìwé àti ọdún tí a yà á sì gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá yá ojú ìwé mélòó kan láti inú ẹ̀dà ilé ìkàwé mìíràn kí ìwé lè pé, ẹ kọ ọ́ sórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan pé ibi báyìí ló ti wá. Láìkọ ọ́, ẹ ti dá ìwé kan tí kò sí níbì kankan láyé sílẹ̀.

Lẹ́tà, àpótí àti fáìlì

Àkọsílẹ̀ ọ́fíìsì tàbí ti ìdílé kì í ṣe ìwé, òfin rẹ̀ sì yàtọ̀. Láti 1841 ni àwọn olùtọ́jú àkọsílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ti ní ìlànà pé kí ohun tó bá ti ọwọ́ ẹnì kan tàbí ọ́fíìsì kan wá dúró papọ̀. Ìwé ìlànà tí àwọn mẹ́ta tẹ̀ jáde ní Netherlands ní 1898 wá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé ètò tí ẹni tó ni ín fi tò ó ni kí a bọ̀wọ̀ fún. Kọ̀ǹpútà máa ń dán ènìyàn wò níbí. Ó rọrùn láti kó gbogbo lẹ́tà jọ, kí a fi ọjọ́ tò wọ́n. Àmọ́ lẹ́tà kan tó wà nínú fáìlì “ẹjọ́ ilẹ̀” ní ìtumọ̀ tí yóò sọnù bí a bá gbé e lọ sáàárín lẹ́tà ọdún yẹn lásán.

Ẹ tọ́jú wọn bí àpótí ṣe tò wọ́n: àkójọ, ẹ̀ka, fáìlì, bébà kọ̀ọ̀kan. Òǹkàwé lè ní kí ẹ̀rọ fi ọjọ́ tàbí orúkọ tò wọ́n fún òun, ìyẹn kò burú. Ojú ìwòran ni, kò kan ibi tí wọ́n ń gbé. Ẹ ya àpòòwé lẹ́tà lójú méjèèjì, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà rẹ̀. Bí wọ́n bá fi píìnì há bébà méjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó yọ píìnì. Ìwé pélébé tí wọ́n há sáàárín ewé ń fẹ́ àwòrán mẹ́rin: ojú ìwé pẹ̀lú rẹ̀ bó ṣe wà, iwájú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀, ojú ìwé náà lẹ́yìn tí a ti gbé e kúrò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́ ewé kan ṣoṣo nínú àtòjọ. Máàpù tó ń ṣí gbọọrọ rí bẹ́ẹ̀: ẹ yà á ní pípa, ẹ yà á ní ṣíṣí tán, ewé kan náà ni.

Bí ewé bá ní ètò méjì

Codex Sinaiticus, Bíbélì èdè Gíríìkì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, ti túká sí ibi mẹ́rin. Ewé 347 wà ní British Library, 43 wà ní ilé ìkàwé Yunifásítì Leipzig ní Jámánì, ìyókù àti àjákù wà ní ilé àwọn mọ́ǹkì ti Saint Catherine ní Sínáì àti ní National Library of Russia. Láti 2009 ni wọ́n ti jọ wà lórí ìkànnì kan. Ewé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní àdírẹ́sì méjì: ibi tó wà báyìí, àti ààyè tó jókòó sí nínú Bíbélì náà kó tó túká. Bí wọ́n bá ti tò ó bí Bíbélì nìkan, ẹni tó fẹ́ rí ewé Leipzig gan-an kò ní mọ èyí tó jẹ́.

Ìwé awọ tí iṣẹ́ Archimedes, onímọ̀ ìṣirò ará Gíríìsì àtijọ́, wà nínú rẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹwàá ni wọ́n ṣe àdàkọ iṣẹ́ ìṣirò náà sórí awọ. Ní 1229, ẹlòmíràn ti ha ọ̀rọ̀ yẹn kúrò, ó gé ìwé náà, ó yí ewé sí ẹ̀gbẹ́, ó ká a sí méjì, ó sì kọ àdúrà lé e. Ewé àtijọ́ kan wá di ewé méjì nínú ìwé àdúrà, wọn kì í sì í sábà tẹ̀ léra. Ẹni tó ń ka àdúrà á ṣí àwòrán náà léraléra bí ìwé ṣe wà lónìí. Ẹni tó ń ka Archimedes ń fẹ́ kí a yí àwòrán sí ẹ̀gbẹ́, kí a fi ewé kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn tó jìnnà sí i, kí a sì tò wọ́n ní ètò mìíràn pátápátá. Àwòrán kan náà ni, àtòjọ méjì. Bó bá jẹ́ pé inú orúkọ fáìlì ni wọ́n ti kọ ètò náà sí, ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé méjì yìí ì bá ti pàdánù.

Títóbi ìwé àti àwọn aládùúgbò rẹ̀

Lójú kọ̀ǹpútà, ìwé àdúrà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ àti ìwé máàpù tó gba tábìlì kan tóbi dọ́gba. Ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé nínú ó kéré tán àwòrán kan, kí ẹ sì kọ gíga àti fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà. Kọ̀ǹpútà lè ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀: àwòrán tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 2,400, tí a yà ní 300 fún ínǹṣì kan, gba ínǹṣì 8. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ètò àtúnṣe àwòrán ń kọ 72 tàbí 96 sínú fáìlì láìbéèrè, ìwé á wá di gàgàrà lórí àkọsílẹ̀. Rúlà kì í purọ́.

Pẹpẹ náà ní ìtò tirẹ̀. Láti ìgbà tí Melvil Dewey, olùtọ́jú ilé ìkàwé ará Amẹ́ríkà, ti gbé ètò ònkà rẹ̀ jáde ní 1876, ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ń to ìwé kí ohun tó jọra lè wà nítòsí ara wọn, òǹkàwé tó wá mú ọ̀kan á sì rí mẹ́ta tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àpótí ìwákiri lórí kọ̀ǹpútà kì í ṣe èyí fúnni. Ó ṣeé dá padà bí nọ́ńbà pẹpẹ bá wà nínú àkọsílẹ̀: kí ojúlé ìwé kọ̀ọ̀kan máa fi àwọn tó wà lápá òsì àti ọ̀tún rẹ̀ hàn. Kó fi èyí tí a kò tíì yà hàn pẹ̀lú, orúkọ rẹ̀ nìkan, láìsí àwòrán. Bí a bá fi èyí tí a ti yà nìkan hàn, òǹkàwé á rò pé gbogbo ohun tó wà nìyẹn.

Bí a bá tún ìwé dì tàbí tí ewé kan bá padà wálé, àtòjọ gbọ́dọ̀ yí padà. Ẹ má pa èyí àtijọ́ rẹ́. Ẹ kọ ọjọ́ sára rẹ̀, ẹ fi í pamọ́, kí ẹ ṣe tuntun tó ní ọjọ́ tirẹ̀. Àdírẹ́sì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ so mọ́ orúkọ àwòrán rẹ̀, kó má so mọ́ ipò tó wà nínú ìlà, kí ewé tuntun tó wọlé má baà ti gbogbo ìtọ́ka tó tẹ̀ lé e síwájú. Fáìlì tí ẹ̀rọ kọ ọ̀rọ̀ tó kà nínú àwòrán sí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú àwòrán rẹ̀: ms0154_0073.tif, ms0154_0073.xml. Kí ẹ tó kó ohunkóhun láti dísìkì kan sí òmíràn, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò SHA-256, àmì ìdánimọ̀ onílẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, kó tún un ṣírò níbi tó bá dé. Bí ẹyọ lẹ́tà kan bá yàtọ̀ nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ẹ padà lọ mú ẹ̀dà àkọ́kọ́.